Irin Tó Ń Tẹ̀lé Katakata

  Òjò ti ń parí lọ, ìkórè ti dé. Ìrẹsì ti ń pọ́n létí odò Usuma níbí ní Gwagwalada, àgbàdo ti gbẹ lórí ìdúró, ilẹ̀ sì ti ń le. Katakata tó fi gbogbo àsìkò òjò sáré láti oko dé oko kò níṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní dá lórí àwọn irin tó ń tẹ̀lé katakata yẹn: bí a ṣe ń gbé wọn rìn lójú títì, àti ibi tí wọ́n ń sùn títí òjò mìíràn yóò fi dé. Àsìkò tí irin wọ̀nyí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń bàjẹ́, àsìkò náà ni wọ́n sì máa ń ṣe èèyàn léṣe.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú wá sí Sheda, sí ọgbà National Agricultural Seeds Council, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ irúgbìn lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ mọ Sheda. Ẹ bá fi Gwagwalada sẹ́yìn, ẹ kọrí sí ọ̀nà Lokoja, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, lágbègbè Kwali. Katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus ni Ààrẹ wá fi lọ́lẹ̀. Iye yẹn ni gbogbo èèyàn gbọ́, òun ni wọ́n sì ń sọ lọ́jà. Iye kejì ni kò wọ̀ wọ́n létí: irin iṣẹ́ 9,000 ló bá katakata wọ̀nyẹn wá. Ẹ pín in wò. Irin mẹ́rin ààbọ̀ ló kan katakata kọ̀ọ̀kan. Katakata lè sùn sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ọ̀gá. Irin mẹ́rin ńkọ́? Ta ni yóò gbé wọn dé ibi tí wọn yóò sùn, báwo ni yóò sì ṣe gbé wọn?

Mo ń béèrè nítorí pé katakata nìkan kì í ro oko. Ẹ́ńjìnì àti táyà ni. Irin tí wọ́n bá so mọ́ ọn nídìí ló ń ṣiṣẹ́: plough onídíìsìkì mẹ́ta tó ń da ilẹ̀ dé, harrow tó ń fọ́ ògúlùtu, ridger tó ń kọ ebè, planter tó ń gbin àgbàdo àti sóyà, slasher tó ń gé igbó, tánkì tó ń fọ́n oògùn, tírélà tó ń kó ìkórè wálé. Orúkọ tí àwọn dírẹ́bà wa ń pè wọ́n nìyẹn, ì báà jẹ́ Gbagyi, ì báà jẹ́ Haúsá, ì báà jẹ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè wọ́n. Plough onídíìsìkì mẹ́ta lè wọn tó 400 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ nìyẹn, tó ní ẹnu mẹ́ta, tí ẹnu kọ̀ọ̀kan sì mú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lójú títì.

Kí ewu títì tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irin ṣe ń so mọ́ katakata. Ọkùnrin kan wà ní Ireland tó ń jẹ́ Harry Ferguson. Láyé Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kàn máa ń fi ìkọ́ so plough mọ́ ẹ̀yìn katakata ni. Bí plough bá há sábẹ́ òkúta tàbí gbòǹgbò, tí ẹ́ńjìnì kò sì dákẹ́, iwájú katakata á gbéra nílẹ̀, á dìde dúró lórí táyà ẹ̀yìn, á sì dojú dé ẹni tó ń wà á. Àwọn tó bá a lọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ferguson wá jókòó tì í. Ohun tó gbé jáde là ń lò títí dòní: apá méjì nísàlẹ̀, apá kan lókè, àti hydraulic tó ń gbé irin sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára Massey Ferguson tó pọ̀ nínú oko wa. Pẹ̀lú apá mẹ́ta yẹn, bí plough bá kọ́ òkúta, ṣe ni yóò tẹ iwájú katakata mọ́lẹ̀ dípò kó gbé e sókè.

Àmọ́ inú ilẹ̀ ni ọgbọ́n Ferguson ti ń gba èèyàn là. Bí dírẹ́bà bá ti gbé plough kúrò nílẹ̀, tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tó wá wọ títì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. 400 kílò yẹn ti kọjá sẹ́yìn táyà ńlá, ó sì ń fa iwájú sókè. Katakata wá dà bí ẹni tó gbé àpò ìrẹsì sẹ́yìn, tó ń gun òkè: bí kò bá lè tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀. Táyà iwájú ló sì ń darí katakata. Bí wọn kò bá fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀, ẹ yí sitíárìn títí, tààrà ni yóò máa lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sọ pé, ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n katakata gbọ́dọ̀ wà lórí táyà iwájú. Katakata tó bá wọn 2,500 kílò, 500 kílò gbọ́dọ̀ wà níwájú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń to irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí imú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó yọ irin pẹlẹbẹ yẹn tà, wọ́n ní kò wúlò fún nǹkan kan, ó kàn ń jẹ dísẹ̀ẹ̀lì ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìwàláàyè dírẹ́bà ni wọ́n tà ní kílò-kílò.

Kí katakata tó kúrò lóko, ṣéènì tó di apá ìsàlẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì gbọ́dọ̀ le, kí irin má baà máa fì bọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí irin bá fì lọ́tùn-ún lójú ọ̀nà, á fa ìdí katakata lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sókè débi tí kò ti ní gbá gegele, kẹ́ ẹ sì ti ọwọ́ hydraulic pa, kí ìfarakàn lásán má baà sọ ọ́ kalẹ̀ lórí eré. Slasher àti àwọn irin mìíràn tí PTO, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sára irin, ń yí, ẹ pa PTO kẹ́ ẹ tó gbéra. Ìgbà 540 ni ọ̀pá yẹn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Agbádá, ìró, okùn bàtà, ohunkóhun tó bá fara kàn án, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀.

Búrékì ló kàn, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ni katakata tẹ́tí sí jù. Búrékì katakata méjì ni, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Nínú oko, dírẹ́bà á tẹ ẹyọ kan kó lè ṣẹ́rí padà ní ìpẹ̀kun poro. Ó dára bẹ́ẹ̀. Irin kékeré kan wà lára wọn tó ń so méjèèjì pọ̀, òun ni kí dírẹ́bà sọ kalẹ̀ kó tó wọ títì. Bí kò bá so wọ́n, tó wá tẹ ẹyọ kan lórí eré, táyà kan á dúró, èkejì á máa lọ, katakata á fi ẹ̀gbẹ́ yí, plough tó wà lẹ́yìn á sì ti í dànù. Ẹ lọ wo katakata tó wà ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ wo mélòó ló ṣì ní irin kékeré yẹn. Èyí tó bá ti sọnù, wẹ́dà lè ṣe òmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ọ̀nà Àbújá sí Lokoja kò mọ̀ pé katakata wà. Tírélà tó já wá láti ọ̀nà Kaduna ní Zuba, tó kó sìmẹ́ńtì tàbí màlúù, ń sá eré tiẹ̀ ni. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, àti katakata tó ń rìn 25. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 75. Mítà 20 ó lé díẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn fi ń sún mọ́ katakata ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dírẹ́bà rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí katakata láti 200 mítà, kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé, ó ti dé ìdí díìsìkì. Díìsìkì kò ní iná. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé plough tí wọ́n gbé sókè máa ń bo iná ẹ̀yìn katakata fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ohio State University ní Amẹ́ríkà ṣe àmì kan tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ohun tí kì í yára lójú ọ̀nà: onígun mẹ́ta, àwọ̀ ọsàn tó ń tàn láàrin, pupa létí rẹ̀. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rà á láti òkèèrè. Ẹni tó ń kọ nọ́ńbà mọ́tò ní Gwagwalada lè fi tépù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà ṣe é sórí páànù. Ẹ kàn án mọ́ ibi tó ga jù lára irin. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ etí méjèèjì, pàápàá lára harrow tó fẹ̀ ju katakata lọ. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré kan máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kó tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lálẹ́, kí irin má rìn rárá. Nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà láàárọ̀, kí ó dúró títí oòrùn yóò fi là. Kò sí oko tó ń sá lọ.

Ó ku àwọn tó ń bá katakata gun ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó sórí irin tó bo táyà, ẹnìkejì rẹ̀ á dúró sórí plough, á di irin mú. Ìyá tó ru igi á ní kí wọ́n gbé òun dé gáréèjì, dírẹ́bà á sì ṣàánú rẹ̀. Àánú yẹn ló ń pa wọ́n. Ìjókòó kan ló wà lórí katakata, èèyàn kan ló sì ni ín. Ẹni tó bá já bọ́ lórí irin tó bo táyà, ìdí táyà ńlá ló ń bọ́ sí. Bí táyà bá fò ó, díìsìkì ń bọ̀ lẹ́yìn. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ náà, kó de bẹ́líìtì bí katakata bá ní irin ààbò lókè. Láti ọdún 1959 ni Sweden ti sọ ọ́ di dandan kí katakata tuntun ní irin yẹn, nítorí pé bí katakata bá dojú dé, irin náà ni kì í jẹ́ kó tẹ èèyàn pa. Níbí, àwọn kan ń gé e dànù kí katakata lè ráyè wọ abẹ́ igi!

Bí ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí dírẹ́bà ti yan jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní jíà kó lè máa yí lọ lọ́fẹ̀ẹ́, dísẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n ń rò pé àwọn pa mọ́ kò tó owó bándéèjì.

Fún ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó fẹ́ gbé irin láti Gwagwalada lọ sí Abaji tàbí kọjá bẹ́ẹ̀, mọ́tò ńlá ló yẹ kó gbé e, ìbáà jẹ́ 911 tàbí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ sọ irin kalẹ̀ pátápátá lórí mọ́tò náà, ẹ fi igi dá táyà rẹ̀ dúró bó bá ní, kẹ́ ẹ sì fi ṣéènì dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn kì í di díìsìkì. Díìsìkì ló ń gé okùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó tì í lókè.

Wàyí o, ẹ ti délé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé ewu ti tán, ibẹ̀ ló sì kù sí. Ó ti rẹ dírẹ́bà, ilẹ̀ ń ṣú, ó fẹ́ tú irin sílẹ̀ kó lọ jẹun. Ó dúró sórí ilẹ̀ tó dagun, ó fa píìnì yọ, plough fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú lé e lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le, ni kẹ́ ẹ wá. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ tẹ́ pákó sí i kí irin tó balẹ̀. Ẹ sọ irin kalẹ̀ kó fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lé ilẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn jáde, èyí tí kò bá ní ẹsẹ̀, ẹ fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ hydraulic síwá sẹ́yìn, kí agbára tó kù nínú okùn rọ́bà tí òróró hydraulic ń gbà lè jáde. Okùn tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ kò ṣe é tú. Nígbà tí ẹ bá ń so irin, apá òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, lẹ́yìn náà apá ọ̀tún tó ṣe é yí ga tàbí yí rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá so ti òkè. Nígbà tí ẹ bá ń tú u, ẹ gbà á padà sẹ́yìn: òkè, ọ̀tún, òsì. Dírẹ́bà tó bá mọ èyí kì í jà pẹ̀lú irin. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ló ń pe ọmọ iṣẹ́ pé kó wá bá òun gbá a. Ọmọ yẹn á dúró sáàárín katakata àti irin, ọ̀gá rẹ̀ á sì máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin dírẹ́bà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dúró sáàárín yẹn nígbà tí táyà bá ń yí. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí ẹ ti lè rí ojú rẹ̀, títí tí katakata yóò fi dúró ṣinṣin.

Mi ò lè fò ọ̀rọ̀ píìnì. Katakata kékeré ń lo píìnì 22 mílímítà nísàlẹ̀, ńlá ń lo 28. Píìnì kékeré nínú ihò ńlá á máa jó, á máa jẹ ihò náà, títí lọ́jọ́ kan tí yóò fi já lójú ọ̀nà. Nísinsìnyí tí katakata Belarus ti ń dara pọ̀ mọ́ Massey àtijọ́, tí plough ẹnìkan ń bá katakata ẹlòmíràn ròde, ẹ máa wọn ihò wò kẹ́ ẹ tó so ó. Ìṣó tí a tẹ̀, ọ̀pá irin tí a fi kọ́lé, wáyà: ìwọ̀nyí kì í ṣe píìnì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ díìsìkì tàbí tí ó fẹ́ wo abẹ́ slasher, kó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé hydraulic pé ó gbé irin dúró. Rọ́bà tó bá bẹ́, irin á balẹ̀ kó tó pariwo. Igi tó nípọn tàbí irin tí wẹ́dà ṣe fún un ni kó gbé e lé. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì máa ń fọ́. Bí òróró bá ń jò lára rọ́bà, ẹ fi páálí wá ibi tó ti ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá a. Òróró tó jáde láti ojú ihò abẹ́rẹ́ pẹ̀lú agbára hydraulic lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tóbi, ẹni náà á sì ní kò ṣe nǹkan. Ẹ má gbọ́. Ẹ gbé e lọ sí Teaching Hospital ní Gwagwalada lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé òróró hydraulic ni.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn irin kò le. Ọkọ́ tí àwọn bàbá wa rà ní owó díẹ̀, wọn kì í fi sílẹ̀ fún òjò. Wọ́n á gbé e wálé léjìká, wọ́n á há a sí òrùlé. Plough tí a fi ọ̀pọ̀ owó rà ni a wá fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilé ní oṣù Kẹwàá, tí koríko bò, tí a wá ń fi ẹsẹ̀ wá a kiri ní oṣù Kẹrin.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kó tó gbẹ mọ́ ọn, torí ẹrẹ̀ ló ń di omi mú sára irin. Planter tó ní àpótí ajílẹ̀ ló ń fẹ́ ìtọ́jú jù. NPK àti yúríà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, nígbà tí ẹ ó bá fi padà dé, ìdí àpótí ti jẹ. Ẹ gbọ́n ọn dànù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn. Tánkì oògùn, ìgbà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ da omi náà sórí oko tí ẹ ti fọ́n oògùn sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má dà á sí Usuma. Àwọn kan ń pọn omi yẹn nísàlẹ̀ odò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òróró ẹ́ńjìnì tí a ti lò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹdẹ́mù, kun ojú díìsìkì àti gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó. Ẹ fi gíríìsì sí gbogbo ẹnu tó ń gbà á, títí èyí tó ti dọ̀tí yóò fi jáde. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹdẹ́mù kan rọ́bà tàbí táyà, á jẹ wọ́n. Ọ̀pá hydraulic tó ń dán, ẹ fà á wọlé sínú ilé rẹ̀. Èyí tí kò bá lè wọlé, ẹ fi gíríìsì bò ó. Ẹ dé ẹnu rọ́bà kí kòkòrò àti erùpẹ̀ má fi ṣe ilé. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sórí pákó. Tírélà, ẹ gbé e sórí igi kí táyà má baà fi oṣù mẹ́fà jókòó sójú kan. Irin kan kò gbọdọ̀ gun orí èkejì.

Ilé rẹ̀ kò nílò ògiri. Òpó mẹ́rin àti páànù mélòó kan tó. Bí kò bá sí, ẹ fi tapólì bò ó, àmọ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Tapólì tó dì mọ́ irin máa ń di omi mú sábẹ́. Ohun kan tó kan àwa ará Gwagwalada ní tiwa ni iná igbó. Láti oṣù Kọkànlá, àwọn ọlọ́dẹ, àwọn darandaran àti àwọn tó ń palẹ̀ oko mọ́ ń ki iná bọ koríko. Irin kò ní jó, òótọ́ ni. Rọ́bà, táyà, tánkì oníke àti tapólì yóò jó. Ẹ ro àyíká ibẹ̀ kó mọ́ fúnfún, kó gbòòrò, káàkiri.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Harrow tí wọ́n gbé sílẹ̀ jẹ́ ohun ìṣeré lójú wọn. Wọ́n á gun ún, wọ́n á yí díìsìkì rẹ̀. Ẹ fi ọgbà yí i ká, tàbí kẹ́ ẹ kọ ojú díìsìkì sí ògiri.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti olè. Baban bola, àwọn tó ń kó irin àlòkù kiri, kò bìkítà bóyá irin ṣì ń ṣiṣẹ́. Kílò ni wọ́n ń wò. Ilé-iṣẹ́ Hello Tractor, tí Jehiel Oliver dá sílẹ̀ ní 2014, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà níbí, ń so ẹ̀rọ mọ́ katakata kí ẹni tó ni ín lè máa rí ibi tó wà lórí fóònù. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n ara katakata ni ẹ̀rọ náà wà. Plough tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ ní kí wẹ́dà kọ orúkọ yín tàbí nọ́ńbà kan sára rẹ̀ níbi tí wọn kò ti lè ha á kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ṣéènì so gbogbo irin pọ̀. Píìnì àti àwọn irin kéékèèké, inú yàrá ni kí wọ́n sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn dírẹ́bà ń sọ báyìí. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi kò sanwó fún gbogbo èyí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iye ilẹ̀ tí dírẹ́bà bá ro ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Kò sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún wákàtí tó fi so ṣéènì, tó fi fọ planter, tàbí tó fi dúró de kùrukùru kó kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá wà ní Kubwa tàbí Lugbe, ìpè fóònù rẹ̀ ò sì ju "Èékà mélòó lónìí?" lọ. Níbi tí owó bá dá lórí ilẹ̀ ríro nìkan, dírẹ́bà á sáré lálẹ́, á fi wáyà ṣe píìnì, á sì ju irin sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ parí sí. Lójú tèmi, ọwọ́ ẹni tó ni katakata ni ẹ̀bi yìí pọ̀ sí jù. Ẹ ya owó ìrìnnà sọ́tọ̀. Ẹ ya owó ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ ní ìparí òjò fún fífọ irin àti kíkùn ún. Bí dírẹ́bà yín kò bá tíì kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń wa katakata. 

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní katakata, àmọ́ tí ẹ ń wa mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí ẹ bá rí katakata níwájú láàrin Giri sí Kwali, ẹ tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má sì ya á títí ẹ ó fi rí i pé kò fẹ́ yà sí ọ̀nà oko lápá òsì. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fì jáde sí ìhà kejì nígbà tó bá ń yà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122. Wọn kì í gba owó lórí ìpè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irin lẹ́yìn ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní kẹ́ ẹ lọ wò ó. Bó bá dúró lórí hydraulic, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sùn. Èyí tó kù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.